Ògiri Onígíláàsì Tó Gba Oorun Lójú Mi

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti gbàgbé láyé mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bó ti wù kí n dàgbà tó. Ọjọ́ tí àwọn àna mi láti Ìlaró wá mọ̀ wá nílé ní Ayétòrò, tí ògiri pálọ̀ mi sì bọ́ lé wọn lórí. Mo ti dìyá àgbà báyìí, eyín mi kò pé mọ́, síbẹ̀ bí mo bá jókòó jẹ́jẹ́ tí mo rántí rẹ̀, ojú a tì mí, ẹ̀rín a sì pa mí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a ní, "Màmá àgbà, kí lẹ tún ń dá rẹ́rìn-ín sí?" Mà á ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mò ń pa fún wọn. Nǹkan wà.

Èmi àti Ìyá Wálé la jọ fẹ́ Bàbá Rónkẹ́. Èmi ni ìyáálé, òun ni ìyàwó. Ọkọ wa kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ariwo, nítorí náà nígbà tó ń kọ́lé, pálọ̀ méjì ló kọ́ síwájú, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún un, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là wọ́n láàárín. Ọ̀dà kan náà ló fi kun méjèèjì, àga kan náà ló kó sí wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀rọ̀ sọ. A kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ lóòótọ́. Ìyá Wálé a kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, èmi náà a bu ọbẹ̀ fún un bí mo bá tètè sè. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi gbé gíláàsì dé láti Kutonu.

Nígbà tí náíńtíìn éétì ń parí lọ ni mò ń sọ yìí. Ọjà Kutonu gbòde lọ́dọ̀ wa nígbà náà, kò sí ohun tí kì í gba bọ́dà Ìlàrá wọlé. Lọ́jọ́ kan, píkọ́ọ̀pù kan dúró níwájú ilé, wọ́n ń já páálí sílẹ̀. Èmi rò pé ẹja ni. Mo tiẹ̀ ti wá abọ́. Àfi bí Ìyá Wálé ṣe tú páálí kan, tó fa gíláàsì pẹlẹbẹ kan jáde, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó dúdú rọ́múrọ́mú bí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ó sì ń dán bí omi.

Mo ní, "Ìyàwó mi, kí lèyí?"

Ó ní, "Ìyáálé mi, táìsì onígíláàsì ni o. Ògiri ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti pọ̀ nílé àwọn olówó lọ́hùn-ún."

Mo ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á jẹ́ ká lò ó pẹ́." Bí mo ṣe dá abọ́ mi padà sílé ìdáná nìyẹn.

Ẹni tó wá bá a lẹ̀ ẹ́ ni Rafíù, ọmọ Yorùbá ará Pọ́bẹ̀ lódìkejì bọ́dà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń ki Faransé bọ àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo àsìkò tó fi ṣiṣẹ́ náà, ẹ má tan ara yín, èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Láfún ni mo ń ṣe tà, gbogbo Ayétòrò ló mọ láfún mi. Mo gbé asẹ́ mi, mo gbé àpótí mi, mo lọ jókòó sábẹ́ wíńdò Ìyá Wálé, mo ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà. Mò ń ku láfún, ojú mi sì ń bẹ nínú pálọ̀. Láfún tí mo kù lọ́jọ́ yẹn, ìdajì rẹ̀ ilẹ̀ ló lọ.

Wọ́n ta kọ́tìnì sí wíńdò nítorí eruku, ó wá jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá gbé kọ́tìnì ni mo ń rí nǹkan. Atẹ́gùn gbé e, mo rí Rafíù tó ń po ìyẹ̀fun funfun kan pọ̀ mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń rò ó, ó ń rò ó, ó ki. Kọ́tìnì pa dé. Atẹ́gùn tún gbé e, ó ti fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ sẹ́yìn gíláàsì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó dúró gbọin. Kọ́tìnì tún pa dé. Nígbà tó yá, mo gbọ́ òórùn kẹ́rósìn. Mo na ọrùn. Rafíù di nǹkan tín-ín-rín kan mú lọ́wọ́, ó ń tì í bọ inú agolo kẹ́rósìn, kọ́tìnì sì pa dé. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni "kẹ́ẹ́," lẹ́yìn náà "pọ́," ni gíláàsì bá já sí méjì geere.

Mo mi orí. Mo ní nínú ara mi, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ènìyàn ti Pọ́bẹ̀ wá náà nìyí? Ìyẹ̀fun funfun tó ń ki bí a bá rò ó, ta ló tún fẹ́ fi ìyẹn han èmi? Láfún ni. Àwọn tó ń lẹ ìwé ìbò mọ́ ògiri kiri ìlú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra láfún tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, ìwé ọ̀hún kò sì ní ṣí àfi kí òjò fọ̀ ọ́. Ti kẹ́rósìn náà ńkọ́? Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń gé ìgò di ife. Wọ́n á ri òwú nínú kẹ́rósìn, wọ́n á so ó mọ́ ìgò lọ́rùn, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á tì í bọ omi tútù. Mo ti gé ìgò bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ọkàn mi sí i pé iṣẹ́ Rafíù ti di tèmi.

Ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ògiri náà dára. Ìbá má dára tó bẹ́ẹ̀, mi ò ní jẹ̀yà. Òòrùn àárọ̀ máa ń gba wíńdò Ìyá Wálé wọlé, bó bá ti kan gíláàsì yẹn, ìmọ́lẹ̀ búlúù á fò kúrò níbẹ̀, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, á wọ ẹnu ọ̀nà mi, á wá máa jó lórí ògiri tèmi tí kò ní nǹkan kan lára ju kàlẹ́ńdà lọ. Inú pálọ̀ mi ni mo ti ń jowú o, mi ò tiẹ̀ ní láti jáde. Mo ti ilẹ̀kùn, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn tó wá ra láfún lọ́wọ́ mi kò tíì ní gba láfún tán tí wọ́n á fi ní, "Ìyá Rónkẹ́, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ yọjú síbi gíláàsì yẹn." Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé òun ló fi ń ṣe díńgí wé gèlè kó tó lọ sọ́jà. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, búlúù ni mò ń rí. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà ti parí, mi ò gbẹ́sẹ̀ wọ pálọ̀ Ìyá Wálé mọ́. Bó bá pè mí, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń jẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Rónkẹ́ ọmọ mi fi wá sọ pé àwọn ará ilé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ òun fẹ́ wá mọ̀ wá. Ará Ìlaró ni wọ́n, ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé gíláàsì fún ìgbà díẹ̀. Ni Bàbá Rónkẹ́ bá là á nídìí oúnjẹ.

Ó ní, "Pálọ̀ Ìyá Wálé la ó ti gbà wọ́n."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bàbá Rónkẹ́, ṣé Ìyá Wálé ló bí Rónkẹ́ fún yín ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ ló dán ni mo ṣe sọ ọ́. Ará Ìlaró ni wọ́n, má jẹ́ kí wọ́n fojú pa ọmọ wa rẹ́."

"Ọmọ tèmi. Kí wọ́n wá bèèrè rẹ̀ ní pálọ̀ ẹlòmíràn?"

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Bí tìrẹ náà bá dán kí wọ́n tó dé, tìrẹ ni wọ́n á jókòó sí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Mo ní, "Ẹ ti sọ ọ́ o. Ẹ má yí i padà."

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo di ẹrù láfún, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìlàrá. Obìnrin kan láti òdìkejì wà níbẹ̀ tó ń ta àjẹkù nǹkan ìkọ́lé, ó ní gíláàsì nínú apẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ewé bí ìgò, díẹ̀ nínú wọn sì pọ́n bí epo pupa. Láfún mi wù ú, gíláàsì rẹ̀ wù mí, a pààrọ̀. Bí mo ṣe ru apẹ̀rẹ̀ náà bọ̀, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mò ń rín lọ́nà. Nílé, mo da àpò bò ó, mo ní ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni. Mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀ mọ́rí, mo sọ fún gbogbo ilé pé mò ń tún inú rẹ̀ ṣe de àlejò, kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

Gígé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí wíńdò kò jẹ́ kí odidi gíláàsì bára mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ri òwú sínú kẹ́rósìn, mo so ó yí gíláàsì kan ká láàárín, mo gbé abọ́ omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣáná. Iná mú. Ó rẹwà. Mo tì í bọ omi. Ó ní "pàà!" bí ẹni fọ́n àgbàdo síná, mo sì rí i pé mi ò di nǹkan kan mú mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti di wẹ́wẹ́ sínú abọ́. Mo ní bóyá òwú ló pọ̀. Mo dín òwú. "Pàà!" Mo ní bóyá omi ni kò tutù tó. Èyí tó tẹ̀ lé e kò dúró de omi, ọwọ́ mi ló ti fọ́, mo ju òwú oníná sẹ́yìn láìwò, ó sì bà lé kọ́tìnì. Abọ́ omi tí mo fẹ́ fi gé gíláàsì ni mo fi pa iná.

Ìyá Wálé kan ilẹ̀kùn. "Ìyáálé mi, ṣé kò sí o? Mò ń gbọ́ òórùn èéfín."

Mo ní, "Kò sí o, ìyàwó mi. Ẹ̀fọn ni mò ń lé."

Ó ní, "Ẹ̀fọn lọ́sàn-án gangan?"

Mo ní, "Àwọn tibí kì í wo aago."

Mo jáwọ́ nínú òwú. Mo mú ayùn irin tí Bàbá Rónkẹ́ fi ń pọ́n àdá, mo fi rẹ́ gíláàsì títí eyín mi fi ń kan mí, ipa tó fi sílẹ̀ kò ju ti èékánná ológbò lọ. Ní ìkẹyìn mo sọ fún ara mi pé, kí ló tiẹ̀ dé? Ṣebí mo ti ní wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Odidi ni mo máa lẹ̀ sáàárín, wẹ́wẹ́ ni mo máa fi dí etí wíńdò. Ó tiẹ̀ máa dà bí iṣẹ́ ọnà.

Mo gbé ìkòkò kaná, mo ro láfún. Mo rò ó dáadáa o, mi ò ní parọ́, kò sí kókó kan nínú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbá a sẹ́yìn gíláàsì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo sé èémí mi, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dúró! Mo jó. Èmi nìkan nínú pálọ̀ tí mo tì mọ́rí, mo ká ìró sókè mo jó. Mo ń lẹ̀ mo ń jó títí ògiri fi kún. Ohun tó kù láàárín gíláàsì, mo wọ́n láfún gbígbẹ sí i, mo fi aṣọ tútù nù ún, bí mo ṣe rí Rafíù tó ṣe. Mo jìnnà sí i, mo wò ó. Àwọn kan wọ́, àwọn kan yọrí, ṣùgbọ́n ó ń dán. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo pe Rónkẹ́.

Rónkẹ́ wò ó. Ó súnmọ́ ọn, ó fimú fa nǹkan. "Màámi, kí ló ń rùn?"

"Tuntun ni. Bó ṣe ń rùn nìyẹn."

"Màámi, èèrà ń rìn lẹ́yìn gíláàsì."

Lóòótọ́ ni. Èèrà kan ń lọ jẹ́jẹ́ láàárín gíláàsì àti ògiri, bí ẹni tó ń lọ sóko. Mo ní kó máa wò ó, ọ̀nà ló ṣì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, gbogbo ẹbí èèrà náà ló ti dé. Adìyẹ tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń sọ wẹ́wẹ́ etí wíńdò kọ́kọ́kọ́. Bí mo bá lé wọn jáde lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gba wíńdò wọlé. Láfún náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Bàbá Rónkẹ́ kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀, ó dúró, ó ní, "Ìyá Rónkẹ́, ṣé inú pálọ̀ lo ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ báyìí ni?" Mo ní kó bojú wo ògiri ná. Ó wò ó, ẹnu yà á. Ó ní, "Háà! Ta ló bá ọ ṣe é?" Mo ní, "Ṣé kò dán ni?" Ó ní ó dán. Mo ní, "Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ." Lọ́fíńdà tí mo fi ń lọ síbi ìnáwó, mo fọ́n gbogbo rẹ̀ sí ògiri náà lára, ó wá ń rùn bí láfún tó ń lọ síbi ìnáwó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, òjò rọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ tó jẹ́ pé ara gbogbo nǹkan á máa tutù lẹ́yìn rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ògiri, ó rọ̀ mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò wọn ti dúró níwájú ilé.

Wọ́n wọlé, inú pálọ̀ tèmi. Ìyá ọkọ Rónkẹ́ ló ṣáájú, obìnrin gbàngbà kan, ó wọ léèsì, gèlè rẹ̀ ga. Mo sọ ọ́ ní Ìyá Ìlaró lọ́kàn mi. Ojú rẹ̀ le. Ó jókòó sórí àga tó fẹ̀yìn ti ògiri gan-an, ó gbójú sókè, ó ní, "Ilé yìí dán o." Ìyá Wálé dúró lẹ́nu ọ̀nà, tíréè ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wò ó. Ẹ ò rí bí mo ṣe wò ó! Mo rò pé mo ti gba gbogbo búlúù ayé yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń wò ó ni mo ti rí i pé gíláàsì kan lókè orí Ìyá Ìlaró ti ń sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbín. Mo dìde. Mo rọra kọjá sẹ́yìn àga, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo fi èjìká dá a dúró.

Bàbá Rónkẹ́ ní, "Jókòó."

Mo ní, "Rárá o, ìdúró ni mo fẹ́ fi yẹ́ wọn sí."

Òmíràn tún ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Tòsì náà bẹ̀rẹ̀, mo na tòsì. Bí mo ṣe dúró nìyẹn, bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, mò ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àna mi. Gíláàsì kan gba ọrùn bùbá mi wọlé lẹ́yìn, ó tutù, ó ń lọ sí ìdí mi. Mo ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí léèrè ìdílé mi, mo dáhùn. Wọ́n bi mí bóyá ó rẹ̀ mí, mo ní ara mi le. Ìyá Ìlaró yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún yíjú padà.

N kò mọ bí ọjọ́ ìbá ti rí bí kò bá ṣe àdúrà. Àgbàlagbà kan nínú wọn ní kí Rónkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú, kí bàbá àti ìyá rẹ̀ wá gbọ́wọ́ lé e lórí.

Bàbá Rónkẹ́ ní, "Ìyá Rónkẹ́, máa bọ̀."

Mo ní, "Ẹ máa gbà á lọ. Mà á máa ṣe àmín láti ibí."

"Láti ibo? Ọmọ rẹ ni wọ́n ń gbàdúrà fún!"

Rónkẹ́ gbójú sókè wò mí lórí ìkúnlẹ̀. Omi ti ń lé lójú rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kúrò níbi ògiri.

"Wọ̀ọ̀ọ̀!"

Ògiri tẹ̀ lé mi. Gbogbo rẹ̀ wá pọ̀ ni, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ epo, èèrà àti lọ́fíńdà, ó ya sórí tìmùtìmù àga, ó ya sí itan àwọn ènìyàn, láfún tó ti rọ̀ sì bo gèlè Ìyá Ìlaró bí ẹni da ẹ̀kọ lé igbá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó tutù, kò sí ẹni tó fara pa. Ìgbà náà ni ewúrẹ́ Bàbá Rónkẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn àlejò láìkí ẹnikẹ́ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ògiri.

Ìyá Ìlaró fi ìka kan ohun tó wà léjìká rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. "Láfún ni o!" Ó kọjú sí mi. "Ìyá ìyàwó, ṣé láfún lẹ fi kọ́lé yín ni?"

Rónkẹ́ bojú rẹ̀. Bàbá Rónkẹ́ ní, "Kí lo ṣe yìí?"

Mo ní, "Ohun tí Rafíù ṣe náà ni mo ṣe! Mo rí i! Ìyẹ̀fun funfun ló rò!"

Ìyá Wálé gbé tíréè sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Ìyáálé mi, sìmẹ́ńtì funfun ni. Ó ṣẹ́kù, àpò rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi títí di ìsinsìnyí. Ẹ ò bi mí ni."

Ẹ wò ó, èyí dùn mí ju ògiri lọ. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ wọ pálọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mà bá ti kọ ẹsẹ̀ lù ú.

Bàbá Rónkẹ́ ń bẹ àwọn àlejò, ó ń kó wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, gbogbo wọn sì lọ jókòó síbi tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá, lábẹ́ gíláàsì Ìyá Wálé. Èmi kò lọ. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín èyí tó fọ́, ewúrẹ́ sì ń jẹun lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ó ti parí, pé wọ́n á mu ọtí wọn tán, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ sọ ọ́ ní Ìlaró pé ilé wèrè ni ọmọ àwọn ti fẹ́ lọ fẹ́yàwó.

Ohùn Ìyá Ìlaró ni mo gbọ́ láti ọ̀hún. "Ìyá ọmọ dà? Ṣé gíláàsì la wá fẹ́ ni, àbí ọmọ? Bí kò bá wọlé, mi ò ní sọ̀rọ̀ kankan."

Ìyá Wálé ló wá mú mi. Ó gbé omi àti aṣọ dání. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa wẹ́wẹ́ gíláàsì kúrò lára irun mi, ó ń nu ojú mi. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ lọmọ." Mo ní, "Ìyàwó mi, ojú ń tì mí." Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Ó sì ṣe bí ẹni tí nǹkan dun nínú, ẹ̀rín ló ń gbé mì. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, kò lè gbé e mì mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìlaró tó ti ń ṣe ojú líle láti àárọ̀ bú sí i pẹ̀lú, tòun ti láfún lórí gèlè. Ó fọwọ́ pa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo jókòó síbẹ̀, gíláàsì búlúù gbogbo sì wà lókè orí mi. Mo gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó bóyá ó ń yọ̀. Kò mì. Wọ́n gbàdúrà, mo gbọ́wọ́ lé ọmọ mi lórí, wọ́n sì mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn náà, Rafíù wá bá mi lẹ èyí tó kù, sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Ìyá Wálé ló lò. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òwú àti kẹ́rósìn fún un, ó jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú. "Mamáà! Ẹnu ọ̀bẹ tí mo fi ń gé gíláàsì ni mo ń rì bọ kẹ́rósìn, kó lè yọ̀ dáadáa. Ìlà kan ni mo ń fà, mo dá a. Iná kò sí níbẹ̀ rárá!"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: ohun ẹlòmíràn tó bá wù ọ́, kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí o bi í. Yíyọjú lábẹ́ kọ́tìnì kò jẹ́ kí n rí ju ọwọ́ Rafíù lọ. Mo ṣèlérí fún ara mi lọ́jọ́ yẹn pé owú jíjẹ ti tán lára mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, òòrùn wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ògiri mi ń dán bí ewé lẹ́yìn òjò, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n Ìyá Wálé ṣe tún dúró níwájú ilé, tí wọ́n ń gbé fíríìjì sọ̀ kalẹ̀.

Mo wo fíríìjì náà títí wọ́n fi gbé e wọlé. Mo dìde, mo gbá ìró mi mọ́ra, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo kan ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ìyàwó mi, ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń tan nǹkan yìí?"